Báwo ni mo ṣe lè mọ oṣù tí ọmọ kọ́kọ́ rìn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà, iṣẹ́ ìwádìí tí màá fi jáde nílé ẹ̀kọ́ dá lórí bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń jókòó, tó ń rá, tó ń rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láàrin oṣù 8 sí 18 ni ọmọ ń dá rìn. Àwọn ìyá kì í sì í rántí oṣù! “Nígbà tí à ń ká àgbàdo ni,” ni ìyá kan wí. Àgbàdo wo, ti àkọ́rọ̀ òjò àbí ti àrọ̀kúrò? Ọjọ́ ìbí wà nínú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ ìrìn kò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ń bi wọ́n? Ṣé kí n fi ọdún ìbílẹ̀ wọ̀n ọ́n ni?