Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ti ṣọ́ọ̀bù páàtì yìí ni?

Àǹtí Páàtì:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Páàtì ẹ̀rọ iná tòkunbọ̀ ni mò ń tà ní Òṣogbo níbí, lápá Alẹ́kúwodò: kapásítọ̀ tó ń tọ́jú iná pamọ́, MOSFET tó ń tan iná tó sì ń pa á bíi súìṣì, bọ́ọ̀dù ínfátà, oríṣiríṣi. Orí WhatsApp làwọn oníbàárà ti ń rà á, èmi á wá a nínú àpótí, màá dì í, màá gbé e lọ sí gáréèjì. Èmi nìkan. Èmi náà ni mò ń dáhùn "ẹ jọ̀ọ́, èló ni jálẹ̀?" láago méjìlá òru.

Ọkùnrin kan n'Ílọrin ra kapásítọ̀ mẹ́rin. Ó ní ọ̀kan bú gbàmù lójú òun, kí n dá owó padà. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó kọ ọ́ sórí status pé olè ni mí. Èmi tí mò ń san ìdámẹ́wàá! Awakọ̀ kan sì gbé ẹrù Àkúrẹ́, ó ní òun ò rí ẹni tó wá gbà á, títí dòní n ò mọ ibi tí ẹrù wà. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún 2023, owó wé-bíìlì míì ti ju owó ọjà lọ. Ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́ sì ti lọ, kò dágbére, tòun ti súwẹ́tà tí mo rà fún un. Ó ti sú mi.

Adé Ọláìyá:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Èló lẹ ń rà á, èló lẹ ń tà á?

Réwáyà Òkè-Baálẹ̀:
Ọdún mélòó ni kapásítọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀? Irú wọn tó bá pẹ́ láìrí iná, awọ tín-ín-rín inú rẹ̀ á ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá sọ gbogbo iná lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó lè bẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un níná, kí rẹsísítọ̀ tó ń dín iná kù wà láàárín. Àbí oníbàárà ló gbé orí rẹ̀ sídìí, ìyẹn náà ń mú kó bú.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba:
Èmi ò mọ kapásítọ̀ o, aṣọ ni mò ń tà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ yẹn! Àńkárá mi tó ń lọ sí Oǹdó, Ọ̀wọ̀ la ti padà rí i. Ìyá kan ti fi rán ìró. Ẹ máa ya fọ́tò awakọ̀ àti nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fi ẹrù lé e lọ́wọ́.

Àlàájì Ínfátà:
Ẹ fi gbèdéke sí i: ẹni tí kò bá rà tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, kó dúró. Kó sì san owó wé-bíìlì kí ẹ tó di ẹrù. Ṣùgbọ́n kí n sòótọ́, ẹ̀yin oní-tòkunbọ̀ náà ń fìyà jẹ wá. Mo ra MOSFET IRF3205 l'Ékòó, nọ́ńbà tuntun ni wọ́n kọ bo ti àtijọ́. Tẹ́sítà ní ó dáa. Mo gbé lóòdù lé e, gbogbo rẹ̀ jó.

Àǹtí Páàtì:
Àlàájì, ẹ má kó mi mọ́ àwọn ará Èkó. Bọ́ọ̀dù Jámánì ni wọ́n ti tú tèmi. Fóìlì ni mo fi ń wé ẹsẹ̀ MOSFET kí n tó dì í.

Réwáyà Òkè-Baálẹ̀:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, iná ara èèyàn lásán, èyí tó ń ta wá nígbà tá a bá bọ́ aṣọ, lè pa MOSFET.

Àlàájì Ínfátà:
Iná ara wo? Inú ọ̀rá lèmi ń di tèmi sí, kò sóhun tó ṣe é.

Réwáyà Òkè-Baálẹ̀:
Bóyá èyí tẹ́ ẹ rà l'Ékòó, ọ̀rá yín ló pa á; irú iná yẹn ló ń kó jọ.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba:
Fọ́tò awakọ̀ o, ẹ má gbàgbé.

Adé Ọláìyá:
Mo ti béèrè lẹ́ẹ̀kan. Èló lẹ ń rà á?

Àǹtí Páàtì:
Èmi ò rà á. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń fi ránṣẹ́ láti Jámánì. Ó ń bọ̀ nígbà Kérésì, ó ní kí n ṣírò owó fóun. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń dà mí láàmú.

Adé Ọláìyá:
Háà! Ọjà oníọjà lẹ fẹ́ tì? Ìwé tẹ́ ẹ ń kọ títà sí ńkọ́?

Àǹtí Páàtì:
Orí mi pé, mo mọ ohun tí mo tà. Àkáùntì kan náà ni mo fi ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ béèrè rí, àfi láti oṣù tó kọjá tí ọmọ yẹn ti lọ.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba:
Ọmọ wo? Oní-súwẹ́tà?

Àǹtí Páàtì:
Òun ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ni.

Àlàájì Ínfátà:
Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ látòní! Gbogbo ohun tó rí ní ṣọ́ọ̀bù ti dé etí bàbá rẹ̀.

Réwáyà Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ ka ohun tó kù nínú àpótí lónìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo àkáùntì yín náà, kí ẹ ya owó páàtì sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín fúnra yín, kó tó wọ bàálù.

Àǹtí Páàtì:
Mo ti gbọ́. Fóònù mi fẹ́ kú, wọn ò mú iná wá. Kapásítọ̀ 450V ṣì wà o, ẹni tó bá fẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀.