Ṣé póká orí íntánẹ́ẹ̀tì lè bọ́ ẹni tí kò fẹ́ kí owó rẹ̀ máa lọ sókè sódò?

Ọmọ Iléṣà:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti pé ọdún méjì tí mo ti ń ta póká orí íntánẹ́ẹ̀tì ní àwọn ọjọ́ tí n kò bá lọ síbi iṣẹ́. Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà ti Texas Hold'em, irú póká kan, ni mo máa ń jókòó sí, níbi tí big blind (owó tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí a tó pín káàdì, tí a sì fi ń wọn èrè) ti jẹ́ sẹ́ǹtì 25, tí owó tí mo ń gbé wọlé sì jẹ́ dọ́là 25. Nínú ìpín káàdì 40,000 tí mo ní àkọsílẹ̀ wọn, èrè mi jẹ́ big blind mẹ́ta lórí ìpín 100 kọ̀ọ̀kan. N kì í fi káàdì tí kò dára dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni; mo máa ń dúró de Ace méjì, ọba méjì àti irú wọn ni, mo sì máa ń ju ìyókù dànù, nítorí pé àyà mi kì í gba kí owó máa fò sókè kí ó tún máa já wálẹ̀. Bí mo bá tẹra mọ́ ọ̀nà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yìí, ṣé mo lè fi iṣẹ́ òru sílẹ̀ kí n máa fi póká san owó ilé? Ìyàwó mi ló ní kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó ti ṣe é rí.

Bàbá Tábìlì:
Ìyàwó rẹ ṣeun. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ta póká jẹun ní Manchester láìní iṣẹ́ mìíràn. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò èrè tí o dárúkọ yẹn. Big blind mẹ́ta jẹ́ sẹ́ǹtì 75 lórí ìpín 100. Bí o bá ṣí tábìlì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, o lè rí nǹkan bí ìpín 300 ní wákàtí kan, èyí tó já sí dọ́là méjì àti sẹ́ǹtì 25. Owó bọ́ọ̀sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Kí ó tó lè di dọ́là 18 ní wákàtí, o ní láti gòkè dé tábìlì tí big blind rẹ̀ jẹ́ dọ́là méjì, kí o sì tún máa jẹ iye èrè kan náà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ju àwọn tí ò ń bá pàdé nísinsìnyí lọ.

Ní ti dídúró de Ace méjì, ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń jò. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìpín 221 ni Ace méjì ń bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́. Nínú ìpín mẹ́fà kọ̀ọ̀kan, o ó san small blind kan (bí ìdajì big blind) àti big blind kan, yálà o ta tàbí o kò ta. Bí o bá ń ju káàdì dànù títí Ace méjì fi dé, nǹkan bí big blind 55 ti bá ìdúró yẹn lọ. Nígbà tí ó bá wá dé ńkọ́? Mo rántí alẹ́ kan tí mo gbé owó lé ọba méjì lẹ́yìn tí mo ti ń ju káàdì dànù fún bí wákàtí kan: àwọn márùn-ún yòókù sá kíá, ọ̀kan nínú wọn sì kọ ọ́ síbi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lábẹ́ tábìlì pé òkú ti jí. Big blind kan ààbọ̀ ni gbogbo ohun tí mo kó.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ má bínú pé mo dá sí i. Ọkọ mi ló ń ta póká nínú ilé wa, èmi ni mo ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀, torí pé ìṣirò ni iṣẹ́ mi. Èrè tí ẹ sọ yẹn já sí big blind 1,200 lórí ìpín 40,000. Ṣùgbọ́n bí ẹ tilẹ̀ ń ta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èsì ìpín 100 sábà máa ń yà kúrò lójú èrè gangan ní nǹkan bí big blind 70, sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di ìpín 40,000, ìyẹn ìpín 100 lọ́nà 400, sókè àti sísàlẹ̀ á máa pa ara wọn rẹ́ díẹ̀, nítorí náà ìlọ́po 20 péré ni ìyapa náà á fi pọ̀, á sì tó big blind 1,400, èyí tó ju gbogbo èrè yín lọ. Bí a bá kó ènìyàn márùn-ún jọ tí wọn kò jèrè tí wọn kò sì pàdánù lójú òtítọ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn mú irú àkọsílẹ̀ yìí gan-an wá, kí ó sì gbà pé òun ti mọ póká ta. N kò sọ pé ẹ̀yin ni o. Mo ń sọ pé àkọsílẹ̀ náà kò tíì gùn tó láti fi hàn pé ẹ̀yin kọ́.

Akin:
Chris Ferguson, ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje àgbáyé ti póká ní ọdún 2000, ló fi irú ìfarabalẹ̀ yìí dán ara rẹ̀ wò láti ọdún 2006. Kò fi kọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ lọ sórí tábìlì. Ó gbà á ní nǹkan bí oṣù 18 kí ó tó ní dọ́là 10,000. Ẹ pín in sí oṣooṣù, kò pé dọ́là 560, kò sì yọ owó ilé kankan nínú rẹ̀.

Ọmọ Iléṣà:
Ẹ ṣeun gan-an. Kí wá ni ẹni tí kò fẹ́ wàhálà lè ṣe? Ṣé owó orí sì wà lórí rẹ̀?

Bàbá Tábìlì:
Ìjọba Britain kì í gba owó orí lórí èrè tẹ́tẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ kó ilé, ìwé owó oṣù mẹ́ta ni aṣojú onílé béèrè, n kò sì ní ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá dúró fún mi.

Ní ti wàhálà, yíyan ibi tí o ó jókòó ló ń dín in kù ju sísá fún káàdì lọ. Wá tábìlì tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta ti ń fi gbogbo káàdì ta, kí o sì dìde bí ọ̀jáfáfá kan bá jókòó sí apá òsì rẹ, torí pé ìgbà tí o bá ti ta tìrẹ tán ni yóò máa ta tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ní ìlọ́po 50 owó ìwọlé nílẹ̀ kí o tó jókòó. Kí owó ilé oṣù mẹ́fà sì wà lọ́tọ̀ ní báńkì mìíràn. Oṣù tí mo fi ọwọ́ kan owó ilé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtigbé owó lé káàdì tó yẹ, n kò sì tún rí ara mi gbà títí mo fi padà síbi iṣẹ́.

Ọmọ Iléṣà:
Mo ti tún ìṣirò mi ṣe. Big blind 1,200 jẹ́ dọ́là 300, fún ọdún méjì. Ìyàwó mi ti rí i kí n tó pa kọ̀ǹpútà dé. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ọ̀la ni mo ń wọ iṣẹ́.