Dẹ́rẹ́bà dà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ wá sọ tiyín

Onítírélà Ṣágámù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mẹ́ta ni ọkọ̀ mi, ọ̀kan nínú wọn ti dúró sí yáàdì láti oṣù méjì. Kò bàjẹ́ o, dẹ́rẹ́bà ni kò ní. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa, ṣebí ìgboro kún fún àwọn tó ń wáṣẹ́. Èèyàn wà lóòótọ́. Ẹni tí mo lè kó ẹrù ẹlẹ́rù lé lọ́wọ́ lálẹ́ kí n sì fi orí lélẹ̀ sùn, òun ni mi ò rí.

Ẹni tó wa ọkọ̀ yẹn kẹ́yìn mú onídùúró méjì wá, pẹ̀lú fọ́tò àti àdírẹ́sì. Ọjọ́ tó gbé ọkọ̀ jù sílẹ̀ ní Ògèrè, tó fa dísẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ tà, tó sì pa fóònù, a wá àdírẹ́sì onídùúró àkọ́kọ́ lọ. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí la bá. Ìyá tó ni ín sọ pé ọdún mẹ́jọ lòun ti wà níbẹ̀, òun ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ti onídùúró kejì, ẹ má jẹ́ n sọ ọ́. Bí dísẹ́ẹ̀lì ṣe wọ́n yìí, ohun tó fà tà lọ́jọ́ kan ju owó oṣù ẹ̀ lọ.

Oṣù tó kọjá, ẹni méjì wá dán ọkọ̀ wò lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀dọ́kùnrin ni ti àkọ́kọ́. Láísẹ́ǹsì ẹ̀ ń dán, kíláàsì G tó tọ́ sí tírélà gan-an ni. Ó gun orí ọkọ̀, ó ṣáná sí i, ó ní ká máa lọ. A rìn dé Ìpẹru, mi ò rí àléébù kankan. A padà dé yáàdì, mo ní kó fi ẹ̀yìn wọ àárín ọkọ̀ méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lorí ọkọ̀ kọjú síbì kan tí ìdí kọjú síbòmíì. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó tó wó ògiri aládùúgbò mi.

Bàbá kan ni ìkejì, á ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i, kò tiẹ̀ wò ó. Sípánà ńlá ló béèrè. Ó ń fi lu táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí ìró wọn. Ó dé orí ìkẹjọ, ó dúró, ó tún un lù. Ó ní, "Ọ̀gá, afẹ́fẹ́ èyí ti lọ." Èmi tí mo ni ọkọ̀ ò mọ̀. Ó tún wọ abẹ́ ẹ̀, ó tú omi inú táǹkì afẹ́fẹ́ bírékì: omi dúdú, tòun ti òróró. Àyà mi já. Kí n tó sọ pé mo ti gbà á, ó ní òun ò lè wakọ̀ lóru mọ́ o, ojú òun ò gba iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú. Òru sì lẹrù tèmi ń rìn.

Ẹ wá sọ tiyín.

Ìyá Oní-Gàrí, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Àwọn tó ń di ẹrù sọ́kọ̀ ló dà mí láàmú ní tèmi. Mo gba iṣẹ́ gàrí tó ń lọ sí Èkó, mi ò wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kẹta Iléyá ló bọ́ sí! Ẹ ti mọ̀, Ọjúde Ọba. Nínú ọmọkùnrin mẹ́fà tí mo ti fún lówó sílẹ̀, ẹyọ kan ló yọjú, pẹ̀lú aṣọ régberégbe, ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà ẹ̀, lọ́rùn àti fìlà. Mo ní, "Ṣé aṣọ yìí lo máa fi gbé àpò?" Ó ní, "Rárá o, Mà. Mo kàn ní kí n wá sọ fún yín pé mi ò ní lè wá ni."

Èmi àtàwọn ọmọ mi la gbé e. Ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí.

Àbúrò Wébíìlì

Ilé ìkẹ́rùsí lèmi wà. A lẹ ìwé pé a ń wá ẹni tó lè wa fóókìlífìtì, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù sókè. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì la rí gbà. Mo bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ó ti gun un rí, ó ní òun ti wo fídíò ẹ̀ lórí YouTube. A fi í sídìí wébíìlì, ìwé tó ń tẹ̀ lé ẹrù. Ká sọ tòótọ́, ó ti wá mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Fóókìlífìtì ò tíì rí ẹni wà á o.

Ọmọ Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jẹ́ kí àwa tá à ń wà á náà fọhùn.

Ọdún méje ni mo fi ṣe mótò bọ́ì. Abẹ́ ọkọ̀ ni mò ń sùn, èmi ni mò ń fi igi sẹ́yìn táyà tá a bá dúró lórí òkè. Ìgbà tó di ọdún kẹrin, ọ̀gá mi ní kí n máa sún ọkọ̀ nínú gáréèjì. Nígbà tó yá, mo ń wà á láti Ṣágámù dé Odòògbólú, òun jókòó tì mí, ọwọ́ ẹ̀ ò jìnnà sétí mi. Kó tó gbà kí n wà á dé Ọ̀rẹ̀, mo ti mọ ohùn ọkọ̀ yẹn bí ohùn ìyá mi. Bàbá tó lu táyà yẹn, irú ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló lọ. Ta ló ń gba mótò bọ́ì báyìí? Ọmọ ogún ọdún gun ọ̀kadà láàárọ̀, ó ti rówó kó tó dalẹ́. Ẹ̀yin náà ò kọ́ ẹnikẹ́ni, dẹ́rẹ́bà tẹ́lòmíì kọ́ lẹ̀ ń wá.

Tá a bá tò sí ìlà ní Apápá fọ́jọ́ mẹ́rin ńkọ́? Ẹ kì í sanwó ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Tí páálí kan bá dín nínú ẹrù, ẹ̀ ń yọ ọ́ lára wa. Ẹ sì wò ó, ní Ṣágámù tẹ́ ẹ wà yẹn ni ọ̀nà Benin ti yà lára ọ̀nà Ìbàdàn. Gbogbo onímọ́tò ló ń kọjá níbẹ̀. Tí dẹ́rẹ́bà yín bá dúró jẹun, ẹnì kan á ti bi í pé èló lẹ̀ ń fún un. Èló lẹ̀ ń san gan-an?

Onítírélà Ṣágámù

120,000 náírà lóṣù, owó oúnjẹ lọ́tọ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba kéde ní 2024, 70,000 ni. Mo ti fi 50,000 lé e.

Ọmọ Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yẹn.

Onítírélà Ṣágámù

Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, àmọ́ mo sùn lé e lórí. Mo pe bàbá yẹn padà. Kò ní wakọ̀. Yáàdì ló máa wà, ọkọ̀ kankan ò ní jáde kó tó lù ú káàkiri. Ọmọ tí ò lè fi ẹ̀yìn wọlé ńkọ́? Mo ti ránṣẹ́ sóun náà. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ló ti ń tẹ̀ lé bàbá kiri pẹ̀lú sípánà. Lánàá, ó lu táyà kan, ó yí padà, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ èyí?" Bàbá ní kó tún un lù.

Ti owó? Mo ti fi kún un. Ẹ má bi mí ní èló.