Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ni kí ìdáríjì ti wọ ìtàn ìfẹ́ mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìtàn ìfẹ́ onígbàgbọ́ kan ni mò ń kọ lọ́wọ́, nípa obìnrin tó ń dá tọ́mọ n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Gàrí ló ń yan. Tí ẹkún bá gbọ̀n ọ́n, á kọjú sí àgbadà, á ní èéfín ló kó sí òun lójú. Ọ̀gá akọrin ìjọ rẹ̀ fẹ́ fi í ṣaya, àmọ́ ìyá ọkùnrin náà fárí gá.

Ibi tí mo há sí rèé: lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ayẹyẹ tí wọ́n fi ń kí ọba Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ kẹta Iléyá, bàbá ọmọ yọ láàárín rẹgbẹ́rẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí rẹ̀, ó ní kó forí ji òun. (Ẹ má bi mí ohun tí onígbàgbọ́ ń wá níbẹ̀, ta ni kì í lọ n'Ìjẹ̀bú?) Ṣé kó dárí jì í lójú ẹsẹ̀? Lójú tèmi, ìyẹn á dà bíi gàrí tí wọn ò jẹ́ kó kan kí wọ́n tó yan án.

Mo fẹ́ kí obìnrin yìí kọ́kọ́ gbà pé Ọlọ́run ti dárí ji òun náà. Hágárì inú Jẹ́nẹ́sísì 16, ìránṣẹ́bìnrin Sáráì tó sá lọ sí aginjù pẹ̀lú oyún, ló wù mí lò, torí àwọn oníwàásù ti lo obìnrin Jòhánù 8, tí wọ́n ká mọ́ ìdí àgbèrè, gbó. Mi ò sì fẹ́ kí pásítọ̀ fi ìwàásù gígùn yanjú gbogbo rẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà bẹ̀ ẹ́? Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ̀ ń dá tọ́mọ gan-an, kí làwa òǹkọ̀wé máa ń kọ tó ń bí yín nínú? Ẹ má fi bò o.