Ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ran ọ̀mùtí lọ́wọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹ wá gbọ́ ohun tójú tiwa rí

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Arábìnrin tó béèrè lánàá pé ọkọ òun ń mutí àmupara, pé níbo lòun lè mú wọn lọ nílùú yìí, ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ n sùn, torí èmi náà ti wà nídìí ẹ̀. Mẹkáníìkì ni bàbá àwọn ọmọ mi, ìtòsí Takie ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, wọ́n mọṣẹ́ gan-an, àwọn awakọ̀ Ìlọrin pàápàá máa ń yà wá wọn. Àmọ́ tílẹ̀ bá ti mọ́, kí wọ́n tó fọ ẹnu, ọ̀dọ̀ ìyá oníparaga ni, wọ́n á feyín já etí ọtí ọ̀rá, wọ́n á fà á mu tán lórí ìdúró, ẹ̀yìn ìyẹn lọwọ́ tó ń gbọ̀n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá balẹ̀ tí wọ́n á lè di sípánà mú.

Gbogbo ibi táwọn èèyàn ní ká gbà la gbà. Orí òkè àdúrà, a lọ. Wọ́n ní ká se àsèjẹ, a sè é. Ẹ̀gbọ́n wọn pe mọ̀lẹ́bí jọ, wọ́n bú wọn títí wọ́n fi sunkún, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n tún mu. Mi ò bú àdúrà o, mo ṣì ń gbà á dòní. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń rí lára, àfi "ṣebí kó o ṣáà fi í sílẹ̀ ni".

Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún mi nípa Alcoholics Anonymous, AA ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí ọtí ti bá fínra ló ń jókòó bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn kì í gbowó, wọn ò bi yín bóyá ṣọ́ọ̀ṣì lẹ̀ ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí, kó ṣáà ti wù yín láti jáwọ́, ohun tẹ́ ẹ bá sì sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá wa wo aa.org, ó tún wa app wọn tó ń jẹ́ Meeting Guide sílẹ̀, àwọn ìpàdé tá a rí jìnnà sí wa, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ti orí Zoom. Bàbá wa gbọ́ òyìnbó díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kéèyàn wá fi òyìnbó tú tinú ẹ̀ síta, wọ́n ní ó ń há àwọn lọ́fun, ká má tíì sọ ti dátà àti iná.

Ibẹ̀ ṣáà ni wọ́n ti gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1935, Bill Wilson wá ṣòwò ní Akron ní Amẹ́ríkà, òwò ọ̀hún dàrú, ọtí wá ń fà á, ló bá ń pe fóònù kiri pé òun ń wá ọ̀mùtí bíi tòun tóun máa bá sọ̀rọ̀ kóun má baà mu, wọ́n mú un dọ́dọ̀ Bob Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti fẹ́ bayé ẹ̀ jẹ́. Àwọn méjì yẹn náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ AA o! Ó sì wà nínú ìlànà wọn pé tí ọ̀mùtí méjì tàbí mẹ́ta bá jókòó pọ̀ torí àtijáwọ́, tí wọn ò so ó mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, AA ti nìyẹn.

Bí bàbá wa ṣe gbọ́ báyìí, wọ́n ní àwọn mọ ẹnì kan. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ti jáwọ́ tipẹ́. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń pàdé tí wọ́n bá ti palẹ̀ mọ́, fọkanáísà kan dara pọ̀, ìyá olóúnjẹ kan náà dé, torí àwọn obìnrin náà ń mu, a kì í kàn fẹ́ sọ ọ́ síta ni. Mo gbé omi piọ́ wọ́tà lọ fún wọn lọ́jọ́ kan, bàbá wa feyín já etí ẹ̀, gbogbo wọn dákẹ́. Tíṣà ní, "Bí mo ṣe máa ń já a nìyẹn." Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, mo sá jáde ni.

Ẹ̀yin ìyàwó, Al-Anon, ẹgbẹ́ àwọn ará ilé ọ̀mùtí, wà fún tiwa, Lois ìyàwó Bill wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1951. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ pé kì í ṣe ẹjọ́ mi pé wọ́n ń mu.

Àkànní, Ọ̀yọ́:
Ẹ ṣé mà, Ọlọ́run á tọ́jú bàbá fún yín. Ẹ jẹ́ n fi kan kún un. Ẹni tó ń mu lójoojúmọ́ ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láì rí dókítà o. Ẹnì kan tá a jọ ń mu dá a dúró bẹ́ẹ̀, gìrì mú un lọ́jọ́ kejì, nígbà tó yá ó ń rí ohun tẹ́nì kankan ò rí, wọ́n ní ayé ló ń ṣe é. Ọtí tó kúrò lára lójijì ló fà á, ó sì lè pààyàn. Ọsibítù ni wọ́n ti fún un lóògùn àti fítámì B1 kó tó bọ̀ sípò. Ìyẹn ni mo ṣe gba ọ̀dọ̀ dókítà kọjá nígbà tó kàn mí. Ẹ tún ṣọ́ra fún agbo jẹ̀dí, inú ọtí lọ̀pọ̀ wọn ń rẹ ẹ́ sí, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó mu.

Ta ló wà l'Ọ́yọ̀ọ́ ńbí, láti Akẹ̀sán títí dé Owódé, tó fẹ́ jáwọ́? Ẹnì kan péré ni mo ń wá. Mo máa ń ráyè lẹ́yìn ìrun Ìṣáì.