Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí oúnjẹ tí kò ní kẹ́míkà rà kó tó di Sátidé?

Adùn-Ọbẹ̀ | Ọjọ́rú, 6:52 àárọ̀
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú mọ́tò ni mo wà tí mo fi ń sáré tẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ ní Sátidé, wọ́n á sì wà lọ́dọ̀ wa fún oṣù mẹ́ta. Dókítà ní oúnjẹ ìbílẹ̀ tí kò ní kẹ́míkà ni kí wọ́n máa jẹ. Èmi rèé, kìkì Indomie, sùpàgẹ́tì àti tòmátò inú agolo ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Ẹ̀wà, epo, èlùbọ́, ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ rà lọ́tun. Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ mọ̀ tó ń ta ojúlówó?

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ | 7:05
Bódìjà ni. Má dúró lọ́dọ̀ àwọn tó pàtẹ sétí títì, wọ inú lọ bá àwọn ẹlẹ́wà. Ẹ̀wà olóyin ni kí o bèèrè. Èlùbọ́, Orítamẹ́rin ni èmi ti ń rà á. Bù ú lọ́wọ́, gbóòórùn rẹ̀ dáadáa. Èyí tó bá ti bu kò ní lè fi ara pamọ́ fún ọ.

Àjíkẹ́ Dùgbẹ̀ | 7:11
Má gbàgbé irù o. Irù pẹ̀tẹ̀ fún ewédú, irù wooro fún ẹ̀fọ́. Ra èyí tí wọ́n sá gbẹ díẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn máa ń pẹ́ nílé.

Nọ́ọ̀sì Kan | 7:40
Àìsàn wo ló ń ṣe màmá? Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ ni, àmàlà tó ga bí òkè lè má ní kẹ́míkà kankan, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn á ṣì gòkè. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀ àti máàgì ni kí o kọ́kọ́ kó kúrò nílé kó o tó ronú ẹ̀wà.

Táyé-ń-lọ | 8:02
Àbúrò mi, ìyá ọkọ tó ń bọ̀ wá lo oṣù mẹ́ta, ẹnu rẹ ni kí o tọ́jú. Máa tètè jí kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ̀wà kì í dá ìjà sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ | 8:04
Ta ló bèèrè ọ̀rọ̀ ìjà níbí?

Olóyin Gidi | 8:30
Oyin ìgàn wà lọ́wọ́ mi, kò sí àbùlà. Ẹ ṣáná sí i, á gbaná. Èèrà kì í sún mọ́ ọn. Ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀.

Baba Àgírííkì | 8:41
Olóyin, jọ̀wọ́. Èèrà ń lá ojúlówó, ó ń lá ṣúgà, kò mọ ìyàtọ̀. Ìṣáná náà kò fi nǹkan kan hàn. Ẹni tó o mọ ibi tó ti ń fa oyin ni kó o rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo-ti-Rí-I | 9:17
Adùn-Ọbẹ̀, ibi yòówù kó o lọ, má dé ibi tí wọ́n ti ń kọ "ọ̀gánííkì" sára ọ̀rá.

Lọ́dún tó kọjá, mo wọ ilé ìtajà kan nílùú yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Wọ́n ya ewé tútù sára ọ̀rá ẹ̀wà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kò ní kẹ́míkà. Owó tí mo san lórí kóńgò kan, kóńgò mẹ́ta ni ì bá rà ní Bódìjà. Mo gbé e kaná lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó ṣe ń hó ni òórùn kan ń bá ooru rẹ̀ jáde, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn ẹ̀fọn sí yàrá. Mo ní bóyá ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ti ń wá. A fi dòdò jẹ ẹ́.

Kó tó di aago mọ́kànlá, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wa ti ń bì. Èyí àbíkẹ́yìn, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ṣàà, kò lè gbé ojú sókè. Ọjọ́ méjì la fi gba omi sára ní ọsibítù. Nígbà tí mo gbé èyí tó ṣẹ́ kù padà lọ, ọmọbìnrin tó ń gbowó ní, "Àǹtí, a kì í gbìn ín o. Ọjà la ti ń rà á, àwa kàn ń dì í ni." Ẹ gbọ́ o. Ọ̀rá nìkan ló jẹ́ ọ̀gánííkì.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀wà kò wọ ilé mi mọ́.

Àjíkẹ́ Dùgbẹ̀ | 9:20
Yéè! Ẹ kú ewu o. Olúwa ló yọ yín.

Ọmọ Sángò | 9:26
Ẹ̀wà tí mo jẹ láàárọ̀ yìí, mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun báyìí.

Ọmọ Bódìjà | 9:50
Kò sí ohun tó le níbẹ̀. Èyí tí kòkòrò ti dá ihò sí lára ni kí ẹ máa rà. Tí kòkòrò bá lè jẹ ẹ́, ènìyàn náà lè jẹ ẹ́.

Baba Àgírííkì | 10:08
Ihò nìkan kò tó. Ihò ń sọ pé kòkòrò ti wà níbẹ̀ rí. Bóyá nítorí ihò yẹn gan-an ni ẹlẹ́wà fi lọ ra oògùn. Kòkòrò tó ṣì ń rìn ni kí ẹ wá.

Ọmọ Bódìjà | 10:12
Ẹ ò bá wọn tajà rí lẹ fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀ ẹ̀wà ni wọ́n bí mi sí. Màmá mi kò fi oògùn sí ẹ̀wà rí.

Baba Àgírííkì | 10:25
Mi ò sọ̀rọ̀ màmá yín. Oògùn apakòkòrò tí à ń wí yìí, dichlorvos, kì í ṣe fún ẹ̀wà tí à ń jẹ. Òun ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tọ́ka sí tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà ní 2015. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò 100ml rẹ̀ lọ́jà mọ́, torí ìgò kékeré yẹn ló rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti rà.

Adùn-Ọbẹ̀, tó o bá rí ẹ̀wà gidi rà, bó o ṣe máa tọ́jú rẹ̀ ló kù. Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì nínú, àpò kan lóde, wọ́n á so ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, á kú, láìsí oògùn. Tó ò bá rí i, kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ táútáú náà á ṣe é. Rọ ẹ̀wà kún un dé ẹnu, kí àyè má ṣẹ́ kù, kó o dé e pa. Ilé wa tún máa ń ju ata gbígbẹ sí i.

Ọmọ Sángò | 10:31
Kó gbé e sí fìríìsà fún ọ̀sẹ̀ kan, tẹyintẹyin ni kòkòrò á kú.

Táyé-ń-lọ | 10:33
Iná dà?

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ | 10:57
Ẹ ń bẹ̀rù jù. Èmi máa ń fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo da omi àkọ́sè nù. Ọdún kẹrìndínlógún rèé, ikùn kò run ẹnikẹ́ni nílé mi.

Mo-ti-Rí-I | 11:02
Èmi náà da omi àkọ́sè nù lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ | 11:03
Ẹ ò rẹ ẹ́.

Mo-ti-Rí-I | 11:05
Ṣé èmi ni mo bu májèlé sí i ni? Ọmọ mi fẹ́ kú, ẹ̀ ń kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀wà.

Alábòójútó | 11:20
Ẹ rọra o, ẹ̀yin ìyá. Ìyá Ìbejì, ẹ bẹ̀ wọ́n.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ | 11:44
Ẹ má bínú. Mi ò fi ọmọ yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Fọlákẹ́ Fíìtì | 12:16 ọ̀sán
Ẹ jọ̀ọ́, torí pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ gidi là ń sọ, kí ni mo lè jẹ tí ikùn á fi wọlé kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi?

Nọ́ọ̀sì Kan | 1:30
Adùn-Ọbẹ̀, àìsàn wo?

Adùn-Ọbẹ̀ | Ọjọ́bọ̀, 9:48 alẹ́
Ẹ ṣeun púpọ̀. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí n ráyè dáhùn. Àpáta ni mò ń gbé o, Bódìjà jìnnà sí mi, ọ̀la sì nìkan ló kù. Owó tí bàbá wọn gbé sílẹ̀ kò ju 60,000 náírà lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yìí ti dá jìnnìjìnnì bò mí. Ìrẹsì ńkọ́? Wọ́n ní Ọ̀fadà dára.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ | 9:55
Àpáta! O ò sì sọ látàárọ̀ àná. Ọmí-Àdió ló sún mọ́ ọ, lọ ra gaàrí àti láfún níbẹ̀.

Àjíkẹ́ Dùgbẹ̀ | 10:01
Ọ̀fadà dára. Pupa ara rẹ̀ yẹn, èèpo inú tí wọn kò bó tán ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ sí orí atẹ, kó o jókòó tì í. Òkúta inú rẹ̀ kò kéré.

Táyé-ń-lọ | 10:03
Eyín mélòó ló kù lẹ́nu màmá?

Ọmọ Bódìjà | 10:20
Tó o bá fẹ́, mo lè mú ọ lọ bá màmá mi láàárọ̀ ọ̀la. Aago méje, kó o ti dé. Ẹ̀wà tí àwa fúnra wa ń jẹ nílé ni wọ́n á wọ̀n fún ọ.

Baba Àgírííkì | 10:26
Èyí gan-an ni kó o ṣe. Mo ti bá ọ jiyàn, Ọmọ Bódìjà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ nínú ọjà ara rẹ̀ ni mo máa ń wá kiri.

Nọ́ọ̀sì Kan | 10:40
Epo pupa náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló yẹ kí ọbẹ̀ léfòó o. Mo sì ṣì ń bèèrè àìsàn.

Adùn-Ọbẹ̀ | Ọjọ́ Àìkú, 4:15 ìrọ̀lẹ́
Màmá ti dé, ẹ bá mi dúpẹ́. Ọmọ Bódìjà, má bínú, ọ̀gá mi ò fún mi láyè láàárọ̀ Ẹtì. Ilé ìtajà ńlá tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa ni mo sáré yà, mo ra ìrẹsì àti òòtì. Ó ní ewé tútù lára ọ̀rá, mo mọ̀, ẹ má bú mi. Ẹ̀wà, kóńgò méjì péré ni mo rà, lọ́wọ́ ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo rò ó pé tó bá ní nǹkan nínú, àdúgbò wa ì bá ti mọ̀, ojoojúmọ́ la ń jẹ àkàrà rẹ̀. Ó bù ú fún mi nínú èyí tó fẹ́ rẹ, kòkòrò méjì sì ń rìn nínú rẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he.

Èlùbọ́ àti irù, màmá gbé tiwọn bọ̀ láti Ìgbòho, báàgì odidi kan. Wọ́n ní ta ló sọ pé àwọn fẹ́ jẹ tèmi.

Ìbéèrè mìíràn: epo tí mo rà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dì, òkè rẹ̀ ń ṣàn. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ọmọ Sángò | 4:22
Àbùlà ni! Dá a padà.

Àjíkẹ́ Dùgbẹ̀ | 4:30
Àbùlà wo? Òtútù ni. Epo gidi máa ń dì nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbé e sóòrùn díẹ̀, kó o rò ó pọ̀.

Mo-ti-Rí-I | 4:51
Ewé tútù lára ọ̀rá. Ó dáa.

Nọ́ọ̀sì Kan | 5:03
Ẹ kú àlejò. Àìsàn wo ló ń ṣe màmá?

Adùn-Ọbẹ̀ | 5:10
Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé mo ti sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Nọ́ọ̀sì Kan | 5:11
Máàgì inú kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́?

Adùn-Ọbẹ̀ | 5:26
Mo ti kó o sínú ike ìdọ̀tí láàárọ̀. Màmá lọ yọ ọ́ padà.