Bọ́ọ̀sì tí a fi ń dáná òde: afẹ́fẹ́ mélòó ló yẹ nínú táyà ẹ̀yìn?

Ìyá Alásè, Asérò
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni mo fẹ́ bèèrè, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń sanwó táyà, èmi náà ni n ó bèèrè. Èmi àti ọkọ mi ní bọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀ gígùn kan tí a sọ di ilé: bẹ́ẹ̀dì kékeré wà nínú rẹ̀, sítóòfù gáàsì, fírísà, àti dúrọ́ọ̀mù omi 200 lítà. Òun la fi ń lọ dáná òde ní Ìbàdàn, Èkó àti Ìjẹ̀bú. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá wa, inú rẹ̀ là ń sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, à ń bọ̀ láti Èkó, a ti dé ìtòsí Ìtórí, ni táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún bá bẹ́ gbàù! Tírélà símẹ́ńtì wà lẹ́yìn wa. Ọlọ́run ló yọ wá. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ojú táyà ti bó kúrò lára rẹ̀ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Fọ́kanáísà wa ní Lafẹnwá ní 40 lòun máa ń fún gbogbo bọ́ọ̀sì. Ọkọ mi ní 69 ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ká fún un ní 69 kí kálukú lọ sùn. Ta ni n ó gbọ́ tirẹ̀? Ohun tó wà lára táyà ni 235/65R16C 115/113.

Déréba Àgbà
Ìyá Alásè, ẹ kú ewu. Ẹ ò ní rí irú ẹ̀ mọ́.

Àwọn méjèèjì ló ṣì í, àmọ́ ti fọ́kanáísà yẹn ló lè pa èèyàn. 115 yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tó ń wí ni pé táyà kan lè gbé 1,215 kg, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá pé 69 nígbà tí táyà tutù. 113 jẹ́ ti ọkọ̀ tí wọ́n so táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ní méjì-méjì, kò kàn yín. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń dín, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tí táyà lè gbé ń dín. Ní 40, táyà yẹn ò lè gbé 900 kg láéláé. Á máa tẹ̀, á máa nà, gbogbo ìgbà tó bá ti yí. Ìtẹ̀ àti ìnà yẹn ló ń mú inú rẹ̀ gbóná títí ojú rẹ̀ á fi bó. Ohun tí ẹ rí ní Ìtórí nìyẹn.

Ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn déréba tàbí ìdí ìjókòó rẹ̀. Bébà kan wà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Ìyá Alásè
Mo ti rí i, sà. 3.4 níwájú, 4.5 lẹ́yìn. Ṣé 45 ni wọ́n ń sọ? Tó bá jẹ́ 45, fọ́kanáísà ò kúkú jìnnà.

Déréba Àgbà
Háà, rárá o! Bar nìyẹn, psi kọ́. Psi ni 40 àti 69 tí ẹ ń gbọ́; ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ inú táyà. Bar kan jẹ́ 14.5 psi. 4.5 yẹn ń lọ sí 65.

Ọmọ Kọ́árì, ọ̀nà Odẹ̀dá
Ẹ má tíì fọkàn balẹ̀ lórí 65, mà. Bébà yẹn mọ ọkọ̀ bó ṣe kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é, kò mọ fírísà yín. Omi 200 lítà nìkan, 200 kg ni, a ò tíì ka dúrọ́ọ̀mù. Ẹ di ẹrù yín bí ẹ ṣe máa ń dì í lọ òde: gáàsì, ìrẹsì, ìkòkò, àwọn ọmọ tó ń bá yín gbé abọ́. Kí ẹ wá gbé e lọ sí kọ́árì tó bá ní ìwọ̀n ọkọ̀. Bí ẹ bá bẹ̀ wọ́n dáadáa, wọ́n á jẹ́ kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ wọn gbogbo ọkọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan sórí ìwọ̀n, kí ẹ wá gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀yìn nìkan. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

Fọ́kanáísà Pánṣẹ́kẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti ẹnì kan bú gbogbo wa o. 40 tó fún un, àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tó ń na Kútọ̀ ló fi sọ́kàn.

Ohun mẹ́ta kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Fáàfù rọ́bà lásán tí wọ́n ń fi sí rímù, 65 psi ni òpin agbára rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lo 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ṣe é kó fi fáàfù irin sí i. Èkejì, ẹ ra géèjì tiyín. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa létí títì ti jábọ́ lulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò nílé. Tí ẹ bá ti rìn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbòòrò. Bí táyà tó ní 65 bá fi 10°C gbóná sí i, ó lè fi psi 2 sí 3 lé e. Ẹlòmíì á rí i, á ní ó ti pọ̀ jù, á yọ ọ́ dànù. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, táyà á ti rọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà DOT sí lára táyà, ibẹ̀ la ti ń mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn fún mi.

Ìyá Alásè
Èyí tó bẹ́: 1116. Èkejì rẹ̀ lápá òsì: 1116.

Fọ́kanáísà Pánṣẹ́kẹ́
Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2016 nìyẹn, mà. FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ń pariwo pé kí táyà má ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ti apá òsì yẹn tún kúrò ní Asérò.

Ìyá Alásè
Ẹni tó tà á fún wa ní tuntun ni! Ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ dáadáa.

Ìyá Ìbejì, Ìbàrà
Ojú táyà lè jinlẹ̀ kí rọ́bà rẹ̀ ti kú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti ń sán wẹ́wẹ́. Oòrùn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, pàápàá ọkọ̀ tó bá ń dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìrìn. Èmi máa ń fi àpò ìrẹsì bo ti èmi. Àwọn ará àdúgbò ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ìyá Alásè, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ
Ẹ kú àánú mi. A ti wọ̀n ọ́n ní kọ́árì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápapọ̀, 2,120 kg. Ọwọ́ òsì, 930. Ọwọ́ ọ̀tún, 1,190! Fírísà, dúrọ́ọ̀mù àti gáàsì, apá kan náà la kó gbogbo wọn sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà. Gbogbo ìwọ̀nyẹn ni táyà ọlọ́jọ́ orí yẹn ń gbé ní 40.

Ọmọ Kọ́árì
Ẹ ò rí nǹkan? Tí ẹ bá tiẹ̀ fún un ní 69 tí bàbá ń wí, 25 kg péré ló kù kó dé òpin.

Ìyá Alásè
A ti gbé dúrọ́ọ̀mù lọ síwájú, ẹ̀yìn ìjókòó déréba, a ò sì ní pọn omi sí i mọ́ títí a ó fi dé òde. A tún un wọ̀n: ọ̀tún 1,060, òsì 920. Táyà tuntun méjì, fáàfù irin, 65. Ọkọ mi ló ra géèjì. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń jáde lọ wọ̀n ọ́n báyìí, lójoojúmọ́, àní lọ́jọ́ tí a ò lọ síbì kankan, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án.

Déréba Àgbà
Ẹ bá mi bi í bóyá ó rántí sípẹ́à.

Ìyá Alásè
Ó ti sáré jáde.